Sídì Tí Mo Fi Sílẹ̀ Láìtì

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má wá ẹni tó ba ohùn Màmá wa jẹ́ kiri mọ́. Èmi ni. Ó ti há mi lọ́fun tipẹ́, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Mi ò ní ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, torí ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ níbi ìjẹ́wọ́, irọ́ ló ṣì ń pa.

Ẹ rántí pé kí Màmá tó kú, àbúrò mi ọkùnrin yá kámẹ́rà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ibùsùn wọn, wọ́n sì ní kí gbogbo wa jáde torí ojú ń ti àwọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ ní kí n kọ fídíò náà sínú sídì kí kálukú ní tirẹ̀, torí èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ àbúrò mi ń yọ wá lẹ́nu lóòótọ́. Yóò kọ ọ́ dé àárín, yóò sì tu sídì jáde bí ọmọdé tó tu oògùn. Alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà wá, ó nu ojú gíláàsì kékeré tó ń ka sídì, ó ní kí n ra sídì tó dáa, kí n sì dín eré tí mo fi ń kọ ọ́ kù. Ó tún ní, "Àǹtí, ẹ má gbàgbé láti tì í ní ìparí o, kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á. Sídì tí ẹ ò bá tì, ọmọ tó jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀ ni. Tó bá dé òde, ó yadi." A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ, mo dá jókòó, mo gbọ́ fídíò náà dé òpin.

Màmá ní, "Ìyàwó ló ń wẹ̀ mí. Òun ló ń pààrọ̀ aṣọ abẹ́ mi. Àkọ́bí mi máa ń wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á fi ìborùn bo imú. Ẹ má bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba iyì Ìyàwó." Bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú, èmi àkọ́bí yìí ni mo dìde tí mo ní ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi tọ́jú Màmá. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyàwó tí Màmá ń wí yìí, ìyàwó àbúrò mi, náà pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà mo kọ sídì, mi ò tì í. Mo pè yín sí pálọ̀ àbúrò mi, mo fi ìbẹ̀rẹ̀ hàn yín lórí kọ̀ǹpútà yẹn, níbi tí Màmá ti ń bi kámẹ́rà pé ṣé ó ti jẹun. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sunkún. Mo ní, "Ó tó, ẹ lọ gbọ́ tó kù nílé yín." Ẹ lọ tán, mo pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́; kámẹ́rà tí a yá sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Nílé yín, sídì yadi. Aláròyé, àbúrò wa obìnrin, ló kọ́kọ́ padà wá: "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó sọ̀rọ̀ níbí, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi? Ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án." Ẹ wo inú kọ̀ǹpútà, fídíò kò sí. Ni ojú bá ń wo ojú. Alátùn-únṣe ní kí ẹ gbé sídì wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé yóò rí i pé mi ò tì í. Mo ní àbí òun ló bà á jẹ́ tó fẹ́ fi àtúnṣe bojú. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo gba àwọn sídì náà lọ́wọ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó tún fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ǹ bá dákẹ́ níbẹ̀. Mo béèrè jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ìjà, pé, "Ta ló tiẹ̀ máa ń nu tábìlì kọ̀ǹpútà yẹn?" Èyí ló burú jù. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ gan-an ni ìkà mi wà. Aláròyé yíjú sí Ìyàwó: "Àbí Màmá sọ nǹkan nípa rẹ tí o ò fẹ́ ká gbọ́?" Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án." Ẹ ò gbà á gbọ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní pálọ̀. Bí Ìyàwó bá wọlé, ẹ ó dákẹ́. Bó bá gbé omi wá, ẹ ò ní mu ún.

Nígbà tí mo ṣubú tí ìbàdí mi kán, ẹ gbé mi sí yàrá tí Màmá kú sí nílé àbúrò mi. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi wá kí mi, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ló gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé. Mo fura sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti mọ̀, ó kàn fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fún kànìnkànìn. Lánàá, mo bi í pé, "Ìyàwó, kí lo ń wá lọ́wọ́ mi?" Ó ní, "Ẹ gbé apá yín sókè, mà. Ọṣẹ fẹ́ gbẹ."

Àwọn sídì tí ẹ dá padà, tí mo ní mo ti jù nù, inú àpótí aṣọ mi ni wọ́n wà. Mi ò lè ṣẹ́ ohùn ìyá mi. Láàárọ̀ yìí, mo ránṣẹ́ bẹ alátùn-únṣe, ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sì tì wọ́n. Ó fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Màmá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí kọ̀ǹpútà bá ní iṣẹ́ ti parí, ẹ gbé sídì náà lọ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn ná, kí ẹ tó pa èyí tó wà lọ́wọ́ yín rẹ́. Ẹni tó bá sì ń ké jù níbi òkú, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí nígbà àìsàn. Ìyàwó, mi ò ní kí o dárí jì mí kí o tó gbọ́ ọ. Wá jókòó síwájú níbí. Àwa yòókù la mọ ẹnu ọ̀nà dúró sí. Ẹ tàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fo ibi tí Màmá ti sọ̀rọ̀ mi.