Ẹni Tí Mo Purọ́ Fún Pé Ó Fìdí Rẹmi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Dókítà ní kí n máa sinmi, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe ìdánwò fún àwọn awakọ̀ bàálù. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń wá bá mi nínú yàrá kan tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù gẹ́lẹ́. Kì í kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mì, ó sì ń bú ramúramù bí ẹni pé ó wà lójú ọ̀run. Ẹni tí mo bá ní ó fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ gbé èrò. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé, Tẹ́ẹ́rẹ́ là ń pè é, torí atẹ́gùn lásán lè gbé e lọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣe é bí ẹni ń mu omi tútù. Mo ti iná bọ èkejì, mo da kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè; ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Gbogbo irun ara mi dìde. Èmi ọ̀gá, n kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi! Ìlara gbé mi dè, èmi ìkà yìí.

Mo ní, "O fìdí rẹmi."

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ibo ni mo ti ṣì í?"

N kò rí ibì kankan. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ le jù tó o bá ń balẹ̀." Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sílẹ̀ láìgbé èrò kí n tó ní ó yege, tó ń wá lójoojúmọ́ láti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi àti ìyá yín wọ bàálù tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wà. Nígbà tí a fẹ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàálù kọ̀, kò jáde. Àwọn èèyàn ń ké. Ohùn Tẹ́ẹ́rẹ́ wá jẹ́jẹ́: "Ẹ tẹrí ba, mo wà níbí." Ẹsẹ̀ òsì ló fi tẹ ilẹ̀, ó gbé apá ọ̀tún dúró lófuurufú bí ìyá tó ń gbé orí ọmọ lé ìrọ̀rí, títí ó fi rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú sí. Ó rí mi lójú pápá, ó dì mọ́ mi: "Ẹ̀yin lẹ gbà wá là, ọ̀gá! Ká ní ẹ ò sọ fún mi pé ọwọ́ mi le ńkọ́?" Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Iṣẹ́ mi ni." Mo jí ọpẹ́ rẹ̀, bí mo ti jí oṣù mẹ́rin rẹ̀. Ìyá yín fi mí yangàn títí ó fi kú.

Mo pe Tẹ́ẹ́rẹ́ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.  Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé àwọn èrò yìí délé ná, sà. Tí mo bá dé, màá wá." N kò mọ ohun tó ń gbé bọ̀. Tí mo bá ti lọ kó tó dé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ sọ ọ́ fún un lójú ẹ̀.