Mo Gbà fún Gbogbo Ayé, Omi Kajú Mi Di Ọtí

Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Mùsùlùmí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi ní Manigri, ní ilẹ̀ Benin yìí, ọtí kò kan ètè mi rí. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá lọ́nà ọjà báyìí, àwọn ọmọdé á máa pariwo pé, "Ìyá Ọlọ́tí, ẹ kú ìrìn o!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èyí dára? Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, débi pé mi ò lè bá ọmọ kankan wí. Ẹ sún mọ́ mi, kí n rò fún yín.

Iṣu àti kajú la fi ń jẹun nílẹ̀ wa. Bí àsìkò kajú bá dé, àwọn àgbẹ̀ á yọ kóró rẹ̀ tà, wọ́n á sì da èso rẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ sábẹ́ igi fún eṣinṣin. Ìgbà tí wọ́n wá kọ́ àwa obìnrin bí a ṣe ń fún omi rẹ̀, bí a ṣe ń da ẹ̀kọ ìrẹsì sí i kó má bàa máa ha ọ̀fun, tí a óò rọ ọ́ sínú ìgò, tí a óò dé e pa, tí a óò sì se ìgò náà nínú omi gbígbóná kó má bàa kan, mo ní iṣẹ́ mi dé nìyí. Ọkọ mi ra ìkòkò ńlá fún mi. Mo kó àwọn obìnrin bíi mélòó kan jọ, Sàfúrátù ni olórí wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Ràímì, tó ní oko kajú tó lọ súà, ní kí n máa wá ṣa èso lọ́dọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bassila, Madámù ni gbogbo wa ń pè é, ló ń bá mi tà á. Ọjà yá, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Àṣé ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń tà ti ní ọ̀gá púpọ̀ tí kò mọ̀!

Bàbá Ràímì ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Ìyàwó, àwọn èso tó ti rọ̀ tí o ń fi sílẹ̀ ń jẹrà sí mi lóko. Bí o bá máa kó o, kó gbogbo rẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dáa, Bàbá. Kò pẹ́, Madámù pè mí lórí fóònù: omi kajú mi ti ń dúdú jù, àwọn oníbàárà òun fẹ́ kó máa dán bí oyin, kí n má sè é pẹ́ mọ́. Mo fi Faransé dá a lóhùn pé, "Wí, Madámù," bẹ́ẹ̀ ni, Madámù. Sàfúrátù náà dé: "Ẹ̀gbọ́n, àsìkò ebè kíkọ rèé. Ẹ jẹ́ ká máa tètè ṣíwọ́ kí oòrùn tó mú, ká lè ráyè débi oko tiwa." Mo ní kò burú, àbúrò mi. Àlùfáà àdúgbò wa wá ní òun fẹ́ omi kajú níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ òun, kó sì tètè dé. Mo ní yóò dé, Àlùfáà. Ìbẹ̀rù kí n má ṣẹ ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí "rárá" jáde lẹ́nu mi, mi ò sì sọ ohun tí ẹnì kan wí fún ẹnì kejì. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi ń lé mẹ́rin!

Ọjọ́ ìkómọ pé. Wọ́n to ìgò mi sójú oòrùn níwájú ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín tán ni mo gbọ́ "pọ̀ọ̀!" Ìdérí ìgò kan fò sókè, ó sì gbá láwàní orí Àlùfáà dànù. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òmíràn dún, òmíràn tún dún, bí ìbọn níbi òkú ọdẹ! Ìfófòó bo ẹní. Bàbá arúgbó kan tó wá láti Pénéssoulou gbé ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó dijú. Ó ní, "Ẹmu ni! Ó mà sì dára o!" Háà! Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Madámù dá gbogbo ìgò mi padà. Ní Manigri, kò sẹ́ni tó rà á mọ́. Mo ti ara mi mọ́ inú ilé, mò ń sunkún. Sàfúrátù ló wá bá mi, inú ń bí i. "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ fún wa pé bí a bá tètè ṣíwọ́, omi kajú kò ní jinná, yóò sì di ọtí, ṣé a ó lọ ni? Ẹ ń gbà fún wa, ẹ ò bá wa sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo mú ìtìjú kúrò lójú, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Àlùfáà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni bàbá náà ń rín? Ó ní, "Pe gbogbo wọn wá sí ilé mi. Èmi tí ìdérí ìgò lù ni màá ṣe alága."

Gbogbo wọn wá, àní Madámù gun alùpùpù wá láti Bassila. Mo sọ ohun tí olúkúlùkù ní kí n ṣe àti ohun tí mo dáhùn. Ariwo sọ! Madámù kọjú sí Sàfúrátù, Sàfúrátù kọjú sí Bàbá Ràímì. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ra wọn yé, ọ̀nà là. Àwọn obìnrin ní àwọn á pín ara wọn, àwọn kan á lọ sóko, àwọn kan á dúró ti iná. Madámù tọ́ èyí tó jinná dáadáa wò, ó ní bó ti dúdú tó yìí, òun á ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà òun. Bàbá Ràímì nìkan ló fajú ro, nítorí mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè kó èyí tó ti rọ̀ mọ́, òun ló ń tètè kan." Èyí ni "rárá" àkọ́kọ́ láyé mi! Àlùfáà ní kí Bàbá Ràímì sọ fún Fúlàní tó ń da màlúù nítòsí oko rẹ̀ kó wá máa kó o fún màlúù jẹ. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Láti ìgbà náà, ọjà tún ti yá ju ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kan ti Parakou dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ máa kó gbogbo ohun tí a bá sè, kí n má tà fún ẹlòmíràn mọ́. Owó gidi ni. Sàfúrátù àti àwọn obìnrin ní kí n gbà. Madámù ní bí mo bá gbà, kí n má tún dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ọkọ mi ní ojú mi lòun ń wò. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé kó lọ, kó padà wá, mi ò dá nǹkan ṣe mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, la ó jókòó sílé Àlùfáà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ títí dé ìhín náà ti di ara ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ní kí n sọ níbẹ̀?