Òróró Tí Mo Dà Sórí Jáàkì

Ìjọ Ọlọ́run, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni mo gbé dé iwájú yín láàárọ̀ yìí, ọpẹ́ tó ti pẹ́ lọ́rùn mi. Ẹ̀yin àgbà inú ìjọ ti gbọ́ ẹ̀rí yìí lẹ́nu mi rí, ní ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tá a ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ páànù ní Ìbàfò níbí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Àmọ́ mi ò sọ ọ́ tán. Èyí tó kù ni mo wá sọ.

Ẹ rántí bí Mòwé ṣe rí nígbà náà. Ilé mẹ́fà péré la jẹ́ lọ́hùn-ún, ìyókù igbó ni. Tó o bá fẹ́ fi GSM pe èèyàn, àfi kó o gun òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn kànga wa, kó o na apá sókè kí nẹ́tíwọ́kì tó wọlé. Ìró la fi ń mọ ọkọ̀ ara wa. Tí ọkọ̀ ẹnì kan bá rì, kò tíì ní í ké sí ẹnikẹ́ni tí gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Lónìí wọ́n ti da òkúta sójú ọ̀nà yẹn, iná náà ti dé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ nílé Ọlọ́run, àárò ọjọ́ yẹn ń sọ mí.

Nítorí ọ̀nà yẹn ni mo ṣe ra jíìpù. Tókunbọ̀ ni, ó ga, kò sí ẹrẹ̀ tí kò lè wọ̀. Kò kàn ní jáàkì ni. Èyí tí mo fi ń gbé ọkọ̀ kékeré mi àtijọ́, tí mo bá yí i dé òpin, táyà jíìpù ò tíì ní í kúrò nílẹ̀. Mo lọ wo irú jáàkì gíga tí wọ́n fi ń gbé jíìpù nínú igbó. Ọlọ́jà pe iye kan fún mi, mo rọra gbé e padà síbi tí mo ti mú un.

Ìyá Tolú, ìyàwó mi tó jókòó sí ìlà kẹta yẹn, ọmọ Ifọ̀ ni. Òun ló ní ká lọ bá Bàbá Àlíù, mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Bàbá ò tiẹ̀ wo jáàkì kankan. Abẹ́ jíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n fi igi wọn ibi tí irin ìdí táyà ga dé, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ ra jáàkì, ọkọ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Èyí tó kúrú, ká tiẹ̀ rà á lówó pọ́ọ́kú, ọ̀wọ́n ni.”

Méjì lowó mi ká níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó pupa, ó ń dán. Wọ́n tú èkejì lára tírélà tó ti kú, ó dúdú, kò sì wọ́n tó tuntun rárá. Tuntun lojú mi wà. Bàbá fi tuntun gbé jíìpù sókè, wọ́n fi igi sàmì sí i, wọ́n mú bútà wọn, wọ́n lọ kírun Àílà. Nígbà tí wọ́n dé, jíìpù ti sọ̀kalẹ̀ níwọ̀n ìka méjì. Wọ́n ní òróró ń jò nínú rẹ̀. Wọ́n wá fi dúdú gbé e, wọ́n ní ká dúró di ìrun Àláásà nírọ̀lẹ́. A jẹ gúgúrú, a jẹ ẹ̀pà, a sọ̀rọ̀ títí ó fi tán lẹ́nu wa. Bàbá kírun tán, wọ́n wo igi, jíìpù ò mì. Dúdú la rà.

Bá a ṣe ń lọ, wọ́n ní, “Má fọkàn tán jáàkì láé. Kó o tó gbé ọkọ̀ sókè, kọ́kọ́ fi sípíà táyà sábẹ́ rẹ̀.”

Ìjọ, nígbà tí mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní jáàkì tí wọ́n fi ìrun dán wò, ṣé ó yẹ ọmọ Ọlọ́run? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé òróró ólífì tá a ti gbàdúrà sí, mo dà á sórí jáàkì títí ó fi ń kán, mo sì pàṣẹ fún un lórúkọ Jésù pé kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e, à ń bọ̀ wá síbí, òjò ti rọ̀, táyà ẹ̀yìn jò nínú ẹrẹ̀. Funfun ni mo wọ̀ látòkè délẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Dádì Tolú, Bàbá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi táyà sábẹ́ ọkọ̀.” Mo ní jáàkì mi ti gba òróró, kò nílò olùrànlọ́wọ́, a sì ti pẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó yí sípíà táyà fúnra rẹ̀, tòun ti gèlè, ó fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ jíìpù. Ẹrẹ̀ ta sí mi láṣọ, mo bínú.

Mo gbé ọkọ̀ sókè, mo yọ táyà tó jò. Nọ́ọ̀tì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ki orí àti èjìká bọ abẹ́ ibẹ̀ kí n lè mú un. Orí jáàkì yọ̀, jíìpù wálẹ̀, ó sì jókòó gbì sórí sípíà táyà yẹn. Àyè tó kù láàárín irin àti ẹ̀yìn mi, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló lè gbà. Ẹsẹ Bíbélì kan ò wá sí mi lọ́kàn. Ìyá Tolú ló di ẹsẹ̀ mi mú tó fà mí jáde, mo sì sunkún níwájú gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo dúró níbí pẹ̀lú ẹrẹ̀ láṣọ, tí mo ní áńgẹ́lì ló gbé jíìpù dúró.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyàwó mi gbé jáàkì, a gba Ifọ̀ lọ, mo fẹ́ bá Bàbá jà pé jáàkì wọn ò dáa. Bàbá fi ìka kan orí jáàkì, wọ́n gbóòórùn ìka náà. “Ta ló fi òróró síbi tó fi ń di ọkọ̀ mú?” Ìyàwó mi ló bá mi jẹ́wọ́ pé èmi ni, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ojú tì mí, mi ò rí ibi sá sí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí táyà kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

“Ṣé o fi táyà sábẹ́ ẹ̀?”

Ìyàwó mi ní, “A fi sí i, Bàbá.”

“Alihamudulilahi.” Wọ́n mú àkísà, wọ́n ń nu òróró mi kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń nu ojú ọmọ. “Orí ara rẹ ni kó o máa fi òróró sí, ọmọ mi. Irin ò mọ ẹ̀sìn.”

Láti ọjọ́ náà, tí Kérésì bá dé, mo máa ń gbé ìrẹsì lọ fún wọn. Tó bá di Iléyá, ẹran á dé Mòwé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Àlíù kú. Nígbà tá a sin wọ́n tán, ọmọ wọn ọkùnrin bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá máa ń sọ ìtàn ẹnì kan tó da òróró sórí jáàkì. Wọn ò dárúkọ onítọ̀hún fún wa rí, wọ́n ní ó máa tì í lójú. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ará, ọdún méje ni Bàbá fi bo orúkọ mi láṣìírí. Ọdún méje náà lèmi fi ń jẹ́ ẹ̀rí láìdárúkọ wọn. Ìyá Tolú sì ń jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń ṣe Àmín, kò sì fi bú mi nílé lọ́jọ́ kan.

Ọlọ́run ló gbà mí, mi ò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Àmọ́ àwọn tó rán sí mi, méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀ ní Ifọ̀, Bàbá Àlíù lorúkọ wọn. Ìyá Tolú, ṣí gèlè kúrò lójú, dìde kí ìjọ rí ẹ. Àtẹ́wọ́ tẹ́ ẹ pa fún mi níjelòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run.