Àmúsà Kò Jalè

Ìró ṣọ́bìrì tó ń ha kọnkéré lórí ilẹ̀ kò kúrò létí mi láti ìgbà owó epo, bí mo tilẹ̀ ti pẹ́ nílùú òyìnbó. N óò sọ ọ́ wàyí, kó má bàa bá mi wọ sàréè. Olè ni mí. Ẹlòmíì ló ṣẹ̀wọ̀n mi.

Lọ́dún 1974, agbaṣẹ́ṣe ni mí. Ìjọba ní kí n gbẹ́ gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì láti Ìkòtún dé Ìgándò, kí n fi kọnkéré mọ ọ́n, kí n sì fi ọmọrí kọnkéré dé e. Mo ṣe orí, mo ṣe ìdí. Àárín ńkọ́? N kò gbẹ́ ẹ. Orí ilẹ̀ lásán ni mo to ọmọrí lé, mo ní mo ti parí iṣẹ́, kí wọ́n san gbogbo owó fún mi. Ojú kò tì mí! Àmúsà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló jẹ́ olórí àwọn bíríkìlà mi. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó kìlọ̀ pé òjò yóò tú wa fó. Mo ní ta ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí Julius, ayẹṣẹ́wò tí mo ti fún ní ẹ̀gúnjẹ, dé, ó ṣí ọmọrí lórí, ó ṣí i nídìí, ó wá fi ojú ayé bi Àmúsà bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni àárín rí. Ọmọ iṣẹ́ kì í já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bí ọ̀gá mi bá ti wí ni, sà."

Òjò rọ̀, omi ya wọ ilé onílé. Àwọn ará àdúgbò ṣí ọmọrí, wọ́n bá erùpẹ̀. Ó di kóòtù. Adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n ni òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi irọ́ gbowó iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo ní Àmúsà ló wọn iṣẹ́ tó ní ó ti parí, òun ló tàn mí jẹ. Èmi, ẹlẹ́nu ìkà! Adájọ́ bi í léèrè. Àmúsà wo ojú mi, ó ń retí pé n óò gba òun sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó tún wí ohun tó wí fún Julius. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún un. Àdíját, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi nílé.

"Ọ̀gá, àbí ẹ̀wọ̀n yín ni wọ́n bí ọkọ mi fún ni?"

Mo ní kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí mo fi sá kúrò nílùú. Mo gbọ́ pé nígbà tí Àmúsà jáde, wọn ò jẹ́ kó pe ìrun tó máa ń pè tẹ́lẹ̀ mọ́ ní mọ́ṣáláṣí Ìkòtún. Olè, ni wọ́n ń pè é, títí ó fi darúgbó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà jàre, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ẹ ó fi bo olè, ẹ gbé e jù sígbó. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù Ìkòtún kó kà á létí gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ Jímọ́:

"Ẹ̀yin jámáà, Àmúsà kò jalè. Èmi Táyéwò ni mo jalè, èmi ni mo búra èké. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá, mo ń bọ̀ wá jẹ́jọ́. Àmúsà, forí jì mí. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ léèrè lọ́tẹ̀ yìí, má bọ̀wọ̀ fún mi."