Kò Dùn Mí Rárá

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, mo wọ mọ́tò Adó ní Ẹmùré, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó jókòó níwájú mi: ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àti ọkùnrin àgbẹ̀ kan tó ń fọwọ́ ra ojú ṣáá.

Màmá ní, "Yé ra á mọ́. Kí ló ṣe é?"

"Oògùn kòkó tí mo fọ́n ló ta sí i, Màmá. Mo ń kán oògùn ojú kan tó wà ní ulé, èyí tí dókítà fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ojú tìrẹ ni dókítà wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò kúkú dùn mí rárá."

"Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn." Màmá fọwọ́ bo ojú òsì. "Báyìí, mi ò rí ọ. Ọ̀tún ti fọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń kọlu bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, mo ní àgbà ló ń dé. Kò dùn mí rárá, ìyẹn ni mi ò ṣe lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn àràárọ̀ ni mo fi ń tọ́jú ọ̀kan tó kù."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lójú. "Kí ni kí n wá máa ṣe?"

"Wọ awò ojú tí o bá ń fọ́n oògùn. Tó bá ta sójú, fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Má kán oògùn ẹlòmíràn mọ́. Kí wọ́n sì máa yẹ ojú rẹ wò lọ́dọọdún, ì báà má dùn ọ́."

Màmá sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Adó ni ọkùnrin náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó bọ́ sílẹ̀, ó gba àpò Màmá, wọ́n sì jọ wọlé.