Orúkọ Tí Bàbá Mi Sọ Ọmọ Mi

Rárá o, Àǹtí Olúfúnmi, ẹ má sọ pé kí n fọwọ́ wọ́nú! Inú wo ló ṣẹ́kù tí mo fẹ́ fọwọ́ wọ́? Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jókòó, ẹ mu tíì yín, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Màmá ló rán yín wá láti Stretford pé kí ẹ wá pẹ̀tù sí mi nínú, ẹ ó gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó padà.

Ta ló gba máìkì ní Sunday? Ṣebí ìyá yín ni! Níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní ìdílé ìyá ọmọ ni àìsàn ọmọ ti wá, wọ́n ní orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un, pé àwọn dá orúkọ náà padà fún ẹni tó sọ ọ́! Ìjọ ń pariwo àmín. Ẹ̀yin náà ṣe àmín, Àǹtí, mo rí yín, ẹ má wolẹ̀.

Kí ni dókítà sọ? Ṣẹ̀san ọkọ mi jókòó tì mí, ẹ bi í! Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gba tiẹ̀, wọ́n gba tọmọ. Dókítà Amelia ní gene kan wà tó ń jẹ́ H1-4, òun ló ń júwe fún ara bí yóò ṣe ṣe purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní histone. Ó ní DNA gùn bí òwú, ara àwọn histone ni ó ń ká mọ́, èyí tí à ń wí yìí ló ń di kíká náà mú kó má tú. Ibẹ̀ ni àyípadà kékeré kan bọ́ sí, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè yọ lẹ́nu ọmọ. Ó wá ní kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá. Tuntun ni! Ara ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fà á. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ọkọ mi délé ìyá ẹ̀, ó ní, "Gene ni o, Màmá," ó gbàgbé ìyókù sínú bọ́ọ̀sì! Ló bá di ègún ìdílé. Àbí ta ló ń jogún ohun tí kò sí nílé bàbá ẹ̀?

Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n kúnlẹ̀ kí n kọ ilé bàbá mi sílẹ̀. Mo dúró gbọnin! Mo gbé ọmọ mi, ó di ilé wa ní Newton Heath yìí. Ẹ ní mo rí ìjọ fín? Mo rí wọn fín!

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Bàbá mi ń wò wá láti Ìlaròó, nílé lọ́hùn-ún! Gbogbo Sunday ni wọ́n máa ń wo ìsìn wa lórí Facebook nínú fóònù wọn, kí wọ́n lè rí ọmọ-ọmọ wọn fìrí níbi tí kámẹ́rà bá gbà kọjá. Orí fóònù yẹn náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìtẹ́olúwa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí Màmá yín tún un pè tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n pè mí: "Fisáyọ̀, ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ náà ni?" Yéè! Bàbá mi tí kò pa eṣinṣin rí! Láti ìgbà náà mò ń pè, wọn ò gbé e.

Ẹ ní Màmá á wá bẹ̀ mí nílé? Gbangba ni wọ́n ti bú wa, ìyẹ̀wù ni wọ́n fẹ́ ti bẹ̀bẹ̀? N ò gbà! Sunday tó ń bọ̀, máìkì yẹn, kámẹ́rà yẹn. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n sọ ohun tí dókítà sọ, kí wọ́n pe Ìtẹ́olúwa kó dún dé Ìlaròó. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́, Ọlọ́run ń gbọ́!

Ẹ ti ń lọ? Ẹ dágbére fún ọmọ. Dùnsìn kẹ̀, orúkọ tilé yín? Ẹ máa pè é lọ. Láti kékeré, orúkọ kan ṣoṣo ló ń dáhùn sí nílé yìí, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹnu tẹ́ ẹ fi ṣe àmín náà ni kẹ́ ẹ fi pè é. Ẹ pè é sókè, mi ò gbọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n! Hà-hà-hà! Ẹ wo bó ṣe ń sáré bọ̀!