Èmi Ni Mo Ń Tan Iná Lẹ́yìn Aṣọ Dúdú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun kan wà lọ́rùn mi tí n kò lè dá gbé mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọn yóò tún ní kí n ṣe irú rẹ̀. Ọmọ ẹni tí mo kọ́kọ́ ṣe é sí ni wọn yóò sì ní kí n ṣe é sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Mo ti yí orúkọ àwọn yòókù padà. Monrovia kò tóbi tó bí ẹ ṣe rò.

Yorùbá ni mí. Ibí ni bàbá mi ti ń tajà kí ogun tó dé, ibí ni wọ́n sì bí mi sí. Ogun kò jẹ́ kí n ka ìwé tó bí mo ṣe fẹ́. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń ya ètò ìdíje ìbéèrè kan fún tẹlifíṣọ̀n, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Benson Street.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó nílé rò pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń ṣe é. Rárá o. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń ya ti odindi oṣù kan, nítorí epo jẹnẹrétọ̀. A máa ń ní kí àwọn olùdíje kó aṣọ mẹ́rin wá. A ó ní kí àwọn òǹwòran pààrọ̀ ìjókòó, kí àwọn obìnrin tú gèlè kí wọ́n wé òmíràn, kí wọ́n lè dà bí èrò tuntun. A kì í tan fáànù nítorí ariwo rẹ̀, nítorí náà ẹnìkan á máa sáré lọ nu òógùn ojú atọ́kùn ètò. Èmi ni mo ń gbé pátákó sókè pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìyẹn kò burú. Eré ni.

Ti bọ́tìnnì ni ó burú.

Olùdíje méjì ni ó máa ń kojú ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì pupa níwájú rẹ̀. Gílóòbù ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀ ni yóò tàn, òun ni yóò sì dáhùn. Ẹ̀rọ náà kò lò ju oṣù méjì lọ tí ó fi bàjẹ́, a kò rí ẹni tó lè tún un ṣe. Ọ̀gá wa, tí òun fúnra rẹ̀ ni atọ́kùn, tí gbogbo wa ń pè ní Bossman, ní kí a ta aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a dá ihò kékeré sí i lára. Ẹ̀yìn aṣọ náà ni mo ń jókòó sí pẹ̀lú súìṣì méjì; àwọn olùdíje rò pé wáyà ni mo ń tún ṣe níbẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ wọn láti inú ihò. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ balẹ̀, mo tan iná rẹ̀. Bossman á wá kọjú sí kámẹ́rà, á ní, "Ẹ̀rọ ò ní mọ̀lẹ́bí o!" Àwọn èrò á bú sẹ́rìn-ín.

Títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òtítọ́ ni mo fi ń ṣe é.

Obìnrin tí mo ṣẹ̀ ni Sìkírá. Yorùbá bíi tèmi ni, mọ́ṣáláṣí kan náà ni a ń lọ. Òun nìkan ló ń tọ́ Ráfíátù, ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ̀bùn ìparí ọdún nínú ètò wa nígbà náà ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ẹni tó bá borí tàbí ọmọ rẹ̀. Ráfíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní háì sukúù, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ. Ìyá rẹ̀ wọ inú ìdíje nítorí rẹ̀. Ó ń borí, ó ń borí, títí ó fi ku òun àti olùkọ́ kan tó wá láti Barnersville.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tó bà mí lẹ́rù.

Nígbà ogun, Sìkírá ń se oúnjẹ fún àwọn sójà Nàìjíríà tí wọ́n wá pẹ̀tù sí ìjà. Nígbà tí ìbọn dé Duport Road, èmi àti òun jọ sá ni. Mo bá a ru ẹrù. Ní ọjọ́ kejì, a dé ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá sójà Nàìjíríà jà ti na okùn dí títì, ibi tí a ń pè ní géètì. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọ́n rí ṣẹ́ẹ̀tì sójà Nàìjíríà kan nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé kan. Wọ́n wá bi mí pé kí ni ó jẹ́ sí mi.

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n ní kí n máa lọ. Mo lọ. N kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn sójà Nàìjíríà gba ibẹ̀. Sìkírá jáde láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìdí ìbọn fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka méjì níbẹ̀ kò ká mọ́ títí di òní. Kò gbọ́ ohun tí mo sọ ní géètì. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé èmi ni mo sáré lọ pe àwọn sójà náà. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá dé, ó máa ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́.

Bossman ní àṣà kan. Kí ìdíje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, á bá olùdíje kọ̀ọ̀kan jókòó, á wádìí ohun tó lè mú un sunkún, á kọ ọ́ sórí káàdì kékeré. Bí ẹni náà bá borí, á bi í ní ọ̀rọ̀ náà níwájú kámẹ́rà. Èmi ni mo ń to àwọn káàdì. Mo rí ti Sìkírá. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju báyìí lọ: géètì, ọwọ́, ọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Mo ní ó ti mọ̀. Mo ní ẹnìkan ti sọ fún un, òun náà sì ti fi mí pa mọ́ de ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tó rọrùn ni a fi ń parí, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ni yóò yanjú rẹ̀. Bossman bi wọ́n ní olú-ìlú Ghana. Sìkírá ti ṣe ogúnléndé ní Ghana rí. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọwọ́ fífọ́ yẹn balẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Mo rí i kedere. Mo di súìṣì mú, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró títí ọwọ́ olùkọ́ náà fi dé, mo sì tan ti olùkọ́.

"Ẹ̀rọ ò ní mọ̀lẹ́bí o!"

Mo gbé pátákó ìpàtẹ́wọ́ sókè kọjá orí aṣọ náà. Láti inú ihò náà ni mo ti rí Sìkírá. Kò wo Bossman, kò wo gílóòbù. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ó dúró dè mí níta. "Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ẹ ò rí i bí ọwọ́ yìí ṣe já ọmọ mi kulẹ̀? Èmi tí mo ti bá Bossman ṣàdéhùn, pé tí mo bá ti borí báyìí, kó pè yín jáde lẹ́yìn aṣọ tí ẹ ti ń tún wáyà ṣe yẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo Monrovia rí ẹni tó pe sójà wá gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá fún kámẹ́rà bí ológbò tó ń sá fómi!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sunkún.

Ẹ̀yin ènìyàn, ọpẹ́ ni ó fẹ́ dú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bossman pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. "My man, jókòó, wá wòran." Ó tan fídíò náà láti ojú kámẹ́rà kejì. "Ọwọ́ ìyá yìí ti balẹ̀, ó ti ṣàdúà, ó ti ṣàmín, kí iná tó tàn!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kò bi mí ní ìdí. Ó kàn ní, "Ó dára. Ó túmọ̀ sí pé o lè ṣe é." Láti ìgbà náà, bí ó bá fọwọ́ kan táì rẹ̀, ẹni ọ̀tún ni kí n tan iná fún. Bí ó bá fọwọ́ kan etí, ẹni òsì. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò burú, pé Sìkírá yóò gbádùn fídíò yẹn. N kò kọ̀ mọ́.

Kí ìdíje náà tó wáyé, Sìkírá kì í tijú ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń ṣàwàdà, ó máa ń fi í gbá ènìyàn lẹ́yìn. Ní báyìí, abẹ́ ìborùn ni ó ń fi í pamọ́ sí. Ráfíátù sì ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòrùn ní Duport Road.

Wọ́n ti mú Ráfíátù fún ìdíje Sátidé. Ẹ̀bùn kan náà ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ mú un wá sílé mi, wọ́n gbé agolo mílíìkì òfìfo dání. Ìyá dojú agolo náà dé sórí tábìlì mi. "Gbá a! Ṣé ìgbín bíi ti ìyá ẹ ni ẹ́? Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo ọwọ́ ọmọ yín." Ọmọ náà ń gbá agolo, pà, pà, pà. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo ní ó yá.

Bossman ti bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ ẹni tó ń fún wa ní epo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kojú Ráfíátù, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò sì wà. Táì ni yóò fọwọ́ kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá ṣe ohun tí ó wí, mo ti pa ìyá, mo tún pa ọmọ. Bí mo bá tan iná fún Ráfíátù, fídíò yẹn yóò dé ọwọ́ Sìkírá. Kí ó sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pàápàá, wọn yóò ti pe ìyá gun orí pèpéle, yóò sì fa aṣọ dúdú náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lọ bá a nílé lónìí, géètì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ bí ẹnu mi yóò ṣe kọjá níbẹ̀. N kò lè sá. Mo ti sá lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rí ibi tí ó gbé mi dé.

Ẹ lè bú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ obìnrin Yorùbá kan ní Monrovia tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kí Sátidé tó pé, bí èmi kò bá tíì lè sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó mú ọwọ́ náà jáde. Kò lọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Èmi ni mo rí i.